Ọ̀wẹ̀ ló ń ṣí ilé, àáró ló ń tọ́jú rẹ̀: Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láti Èkó dé Koko

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń kó nínú ṣíṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé padà àti nínú ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe. Ilé mẹ́ta ní Nàìjíríà ni a gbé yẹ̀ wò: Ilojo Bar ní Tinubu Square ní Èkó, Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, àti ààfin Olóyè Nanna Olomu ní Koko, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Warri. A tún fi mọ́sálásí ńlá Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali ṣe àfiwé. Àṣà ọ̀wẹ̀ àti àṣà àáró láàárín àwọn Yorùbá ni a fi ṣe òdiwọ̀n. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé òfin nìkan kò lè dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí, owó àtúnṣe nìkan kò sì lè mú un dúró; àwọn ènìyàn tó ń pín ìtọ́jú rẹ̀ ṣe ní ìyípo ló ń mú un pẹ́. A wá dá a lábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà sọ ìtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ di ara ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí dùn mọ́ wa nínú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bèèrè ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹwà bá ti bù sí ilé ọba tán, ta ni yóò máa gbá a? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà? Ta ni yóò gun àjà lọ wo ibi tí òrùlé ti ń jò, kí omi tó dé ara àwòrán tí a gbé kọ́ sára ògiri?

A mọ ayẹyẹ ìṣílé ṣe dáadáa ní orílẹ̀-èdè yìí. A ó gé rìbọ́ọ̀nù, a ó kan wàláà mọ́ ògiri, a ó ya fọ́tò, àwọn àlejò pàtàkì yóò sì sọ̀rọ̀ ìṣírí. Ohun tí a kì í sábà gbọ́rọ̀ lé lórí ni ọjọ́ kejì ayẹyẹ náà, àti ọdún karùn-ún, àti ọdún ogún. Ìtàn àwọn ọjọ́ tí kò ní ayẹyẹ nínú wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìdí méjì ló mú wa gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn olùkọ́ni àgbà. Èkíní ni pé ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn òwò àti ìjà fún òmìnira ní etí odò wa wà ní agbègbè Warri, láàárín àwọn Itsekiri tí èdè wọn bá Yorùbá tan pẹ́kípẹ́kí. Èkejì ni pé láti 2009 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, títí di 2018 tí ìjọba àpapọ̀ fi pàṣẹ pé kí a dá a padà. Nígbà tí ìwé ìtàn bá kúrò lórí tábìlì ọmọdé, ilé tí ó lè fojú rí tí ó sì lè fọwọ́ kàn ni olùkọ́ tó kù fún un.

Ọ̀wẹ̀ àti àáró gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tàbí tó fẹ́ ṣe òrùlé yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, àna, ẹgbẹ́ àti aládùúgbò. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn kan yóò po amọ̀, àwọn kan yóò máa gbé e, àwọn tó mọ ọwọ́ ògiri yóò sì máa mọ ọ́n ní ipele-ipele. Àwọn kan yóò pọn omi, àwọn kan yóò dáná. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ gbogbo àwọn tó wá. Kò sí ẹni tí ń ṣírò iye iṣẹ́ tí òun ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kì í lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá bẹ tòun, àgbàlá òun yóò dá páropáro.

Àáró yàtọ̀ sí èyí. Àwọn díẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba ló ń ṣe é. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, lọ́túnla oko ti ẹnì kẹta, títí yóò fi yí po. Gbèsè ni àáró. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ san án, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń san án. Ọ̀wẹ̀ ń parí ní ọjọ́ tí òrùlé bá dé orí ilé. Àáró kì í parí, nítorí koríko oko kì í yé hù.

Tí a bá gbé òdiwọ̀n yìí lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀rọ̀ náà yóò yé wa. Àtúnṣe àti ìṣílé jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wẹ̀: èrò ń pọ̀, ìtara ń gbóná, owó ń wọlé, ọjọ́ ìparí sì wà. Ìtọ́jú jẹ́ iṣẹ́ àáró: èrò kéré, ariwo kò sí, iṣẹ́ náà kò sì lópin. Ilé púpọ̀ ló ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa nítorí pé a ṣe ọ̀wẹ̀ rẹ̀ parí, a kò dá àáró rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tí kò rí ọ̀wẹ̀ gbà títí ó fi wó.

Ilojo Bar: òfin ọgọ́ta ọdún

Ní 1953, ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó fún un lágbára láti kéde ilé tàbí ibi kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti kéde Ilojo Bar ní 1956. Ìdílé Fernandez, lára àwọn Àgùdà tí ìtàn wọn so Èkó pọ̀ mọ́ Brazil, ló kọ́ ọ ní 1855 sí Tinubu Square. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933. Nígbà tó ṣì wà, ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ a máa rí bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti oko ẹrú padà wálé ti rí: ojú ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ roboto, iṣẹ́ ọnà lára ògiri, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú sí ìgboro.

Ní 1979, ìjọba ológun ṣe òfin tuntun tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Ilojo Bar wà lábẹ́ òfin àkọ́kọ́, ó sì wà lábẹ́ èkejì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ilé náà fi jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kò sì ju ọjọ́ kan lọ tó fi di òkìtì àlàpà.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí òfin pèsè àti ohun tí kò pèsè. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wó ilé náà. Òfin kò sọ ẹni tí yóò kó owó páànù sílẹ̀ ní ọdún tí òrùlé bá jẹrà. Kò sọ ẹni tí yóò ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Owó ilẹ̀ ní Tinubu Square ń lọ sókè lójoojúmọ́, òrùlé ilé àtijọ́ ní tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ láìní alábàáṣe yóò máa wò ó bí ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. Ẹ̀yìn tó wó tán ni ariwo ta káàkiri, àmọ́ ariwo ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò lè gbé bíríkì kan padà sí ipò rẹ̀.

Jaekel House: ọ̀wẹ̀ tó di àáró

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní òdì kejì ọ̀sà, ìtàn mìíràn wà. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, rélùwéè ti dé Ìbàdàn. Ní 1898, nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kan sínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta fún àwọn ọ̀gá. Ọdún gorí ọdún, àwọn ọ̀gá yí padà, òmìnira dé, ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ dẹ́nu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé náà sì di ògbólógbòó.

Ní 1995, àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ń dùn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Legacy. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi àkókò àti ìmọ̀ wọn sílẹ̀ ni. Lára àwọn òpómúléró rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé tó ti Ìlú Ọba wá sí Nàìjíríà ní 1954, tó sì sọ ibí di ilé. Ẹgbẹ́ Legacy bá àjọ rélùwéè ṣe àdéhùn lórí ilé náà, ní 2010 sì ni àtúnṣe rẹ̀ parí.

Orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ yẹ fún àkíyèsí. Francis Jaekel kì í ṣe gómìnà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ó sìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó fẹ̀yìn tì ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, èyí tó jáde ní 1997. Orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ tó sì kọ ìtàn iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé, ìyẹn sì bá iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe báyìí mu. Inú rẹ̀ ni àwọn fọ́tò àtijọ́ wà, ti àwọn ènìyàn, ibi àti ìṣẹ̀lẹ̀ láti àwọn ọdún 1940 títí dé 1970. Àlejò lè wọ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun, Mobolaji Johnson, ní Èbúté Mẹ́ta kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lónìí lè kọ́kọ́ yà wo ibi tí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín Jaekel House àti Ilojo Bar kò sí nínú ọjọ́ orí wọn tàbí nínú ẹwà wọn. Ó wà nínú ètò tó yí wọn ká. Jaekel House ní onílẹ̀ tó gbà, ó ní ẹgbẹ́ tó jókòó tì í, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ilé tó ń ṣiṣẹ́ kì í tètè di àlàpà, nítorí pé ojú ènìyàn ń bẹ lára rẹ̀.

Ohun tí àáró ilé àtijọ́ jẹ́

Ó yẹ kí a sọ iṣẹ́ yìí bó ti rí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìtara nìkan tó. Ọ̀tá mẹ́ta ni ilé àtijọ́ ní lágbègbè wa: omi, ikán, àti ilẹ̀kùn títì pa.

Omi ń gba ojú ìṣó kan ṣoṣo tó tú lára páànù wọlé. Bí ewé bá dí gọ́tà, omi yóò padà sára ògiri, ọ̀rinrin yóò sì gun ògiri náà láti ìsàlẹ̀ wá. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹnì kan gun òkè lọ yẹ òrùlé wò, kí ó sì kó ewé inú gọ́tà kúrò. Ní agbègbè Warri tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó.

Ikán ní tirẹ̀ kì í kéde. Inú pákó ló ń gbà, ojú pákó yóò ṣì máa dán. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí ìyẹ̀pẹ̀ tó rọra jáde lẹ́bàá òpó. Ìdí nìyí tí ìgbálẹ̀ fi jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ojú tó ń gbálẹ̀ ni ojú tó ń ṣọ́lé.

Ilẹ̀kùn títì pa ló burú jù. Ilé tí a tì pa yóò hu èéhù, àdán yóò wọ àjà rẹ̀, aládùúgbò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣíṣí fèrèsé láàárọ̀ àti títì í nírọ̀lẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí kò gba owó, ṣùgbọ́n ó gba ènìyàn tó mọ̀ pé lónìí, òun ló kàn.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Ìfẹ́ rere láìsí ìmọ̀ lè ba ilé jẹ́. Ọ̀pọ̀ ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn ń ran ilé lọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ògiri amọ̀ mí, omi yóò há sínú rẹ̀, ògiri yóò sì máa wó láti inú. Olùyọ̀ǹda ara ẹni lè gbálẹ̀, ó lè ṣọ́lé, ó lè gbàlejò, ó lè kọ àkọsílẹ̀. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ kíkan ìṣó tàbí rírẹ́ ògiri, kí ó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Djenné: àáró odidi ìlú

Ìlú kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó fi hàn wá bí odidi ìlú ṣe lè fi ìtọ́jú ilé ṣe àáró. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí ńlá Djenné ní Mali, èyí tó dúró lónìí láti 1907. Òjò lè fọ̀ ọ́ lọ. Fún ìdí èyí, wọ́n máa ń tún un rẹ́ lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan dáadáa. Ní ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò gun àwọn igi ọ̀pẹ tó yọ síta lára ògiri, obìnrin yóò máa pọn omi, àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọlémọlé yóò sì máa darí. Àjọ UNESCO ti ka ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé láti 1988, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ará Djenné ló ṣì ń rẹ́ ògiri náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àwa olùkọ́ ni pé àìlera ilé náà gan-an ló di ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí pé ògiri ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún, kò sí ìran tó dàgbà láìmọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tó gbé omi lónìí ni yóò gun ògiri lọ́la, òun náà ni yóò sì darí àwọn mìíràn lọ́tùn-ún.

Koko: ilé tó ń dúró de àáró tirẹ̀

Ní nǹkan bí 1852 ni wọ́n bí Nanna Olomu. Ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oníṣòwò epo pupa, ní 1884 sì ni ó di Gómìnà Odò Benin. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba òwò náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ìjà dé. Ní 1894, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ebrohimi, ìlú rẹ̀, wọ́n sì ba ibẹ̀ jẹ́. Nanna bọ́ sí Èkó, ibẹ̀ ló ti fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Calabar, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Accra ní Gold Coast ló ti lo ìgbèkùn rẹ̀ títí di 1906 tí wọ́n fi jẹ́ kí ó padà. Kò padà sí Ebrohimi. Koko ló tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ló kọ́ ilé ńlá rẹ̀ sí, ó sì kú ní 1916.

Ilé yìí di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó sì di ilé àkójọpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nana Living History Museum. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí wọ́n sun ìlú rẹ̀ tún kọ́lé. Síbẹ̀, tí a bá dárúkọ Koko létí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ohun tí wọn yóò rántí ni ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà síbẹ̀, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 1988. Ìdọ̀tí àjèjì ni ayé fi mọ ìlú tó ní irú ilé yìí. Àtúnṣe èrò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Ọwọ́ ẹni tó ń sọ ìtàn fún ọmọdé ló wà.

Ìkéde ti wà fún ilé Nanna, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún Ilojo Bar. Ohun tí ìtàn Èkó kọ́ wa ni pé kí a má ṣe fi ìkéde sùn.

Àbá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà

Èkíní, kí ẹ̀ka ìtàn àti ẹ̀ka èdè ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní agbègbè wọn, kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé àti àjọ tó ń bójú tó o, kí wọ́n sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀.

Èkejì, kí ètò náà jẹ́ ti ìyípo. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń lò. Bí àwọn tó wà ní ọdún kejì kò bá kọ́ àwọn ọdún kìíní ní iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ yóò bá àwọn tó ń jáde lọ. Kí ìwé kan wà nínú ilé náà tí ẹni tó bá ṣíwọ́ yóò kọ ohun tó rí sí: ibi tó ń jò, iye àlejò, ìbéèrè tí wọ́n bi í.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi akẹ́kọ̀ọ́ rọ́pò òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba san owó fún. Iṣẹ́ ìfara-ẹni-jìn tí a fi bo àìsanwó mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ di ìkórìíra. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ a máa bọ́ èrò; kí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìtàn inú ilé náà wà ní èdè àwọn tó yí i ká. Ní agbègbè Warri, Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ń gbé pọ̀, ìtàn odò sì kan gbogbo wọn. Ilé tí a fi èdè kan ṣoṣo ṣàlàyé lè di ohun ìjà láàárín aládùúgbò. Bí olùkọ́ bá jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́ ohùn àwọn tirẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ni yóò di olùṣọ́ rẹ̀.

Ìkádìí

A ti rí ilé tí òfin dáàbò bò fún ọgọ́ta ọdún tó sì wó. A ti rí ilé tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣí padà, tó sì ń gbàlejò. A ti rí mọ́sálásí amọ̀ tó dúró nítorí pé àwọn aráàlú kò ṣíwọ́ títọ́jú rẹ̀. Ohun tó ya àwọn ilé wọ̀nyí sọ́tọ̀ síra wọn ni bóyá ìyípo ìtọ́jú wà tàbí kò sí. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, bẹ́ẹ̀ ni òfin nìkan, owó nìkan tàbí ìtara nìkan kò lè gbé ilé dé ìran tó ń bọ̀. Àwọn baba wa ti fún wa ní orúkọ iṣẹ́ méjèèjì tí a nílò. Ọ̀wẹ̀ ti wáyé ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Koko àti ní ibòmíràn, àáró ló kù, àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ sì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kàn.